Ọ̀nà Ọkọ̀ Tí Wọ́n Là Sẹ́gbẹ̀ẹ́ Dáàmù

Abdulsobur àbúrò mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ. Ara Ìyá ti yá, ó ti padà sídìí ọjà rẹ̀ l'Ọ́jà-Ọba. A dúpẹ́ fún Ọlọ́hun.

Nígbà tí o wálé lẹ́yìn òjò, omi wà níwọ̀n. O tukọ̀ Bàbá gba ọ̀nà tí wọ́n là sẹ́gbẹ̀ẹ́ dáàmù, o ya fọ́tò, o ní kí Bàbá pàrọwà fáwọn apẹja ẹgbẹ́ rẹ̀ kí wọ́n má bá àwọn tó kọ́ dáàmù jà mọ́, pé ọkọ̀ á máa ríbẹ̀ gbà. Ó gbà ọ́ gbọ́, ó sì pàrọwà fún wọn.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, òkúta gbígbẹ ló wà níbẹ̀. Òjò dé, omi ibẹ̀ fọ́ ọkọ̀ méjì. Àwọn apẹja kì í kí Bàbá mọ́. Adìẹ ló ń yé sínú ọkọ̀ rẹ̀.

Jọ̀ọ́, má fowó ránṣẹ́ láti fi bẹ̀ ẹ́. Bàbá ní kí o wálé lásìkò òjò, kí o tún tukọ̀ gba ibẹ̀ lójú gbogbo wọn. Kí Ọlọ́hun ṣọ́ ọ dé.

Hajarat, ẹ̀gbọ́n rẹ