Ṣọ́ọ̀bù Tí Mo Kùn Láwọ̀ Eérú

Ọjọ́ Ajé, 4 Oṣù Kọkànlá
Òtútù. Èmi àti Rúlà — Oskari ni wọ́n sọ ọ́, àmọ́ rúlà kì í kúrò lọ́wọ́ ẹ̀ — lọ ka ṣọ́ọ̀bù ilé ìtajà àtijọ́ tó wà ládùúgbò Kivimäki. Mẹ́rìnlá. Mọ́kànlá wà ní títì. Mo ya àwòrán ilé náà, mo kun èyí tó ṣófo láwọ̀ eérú, mo fọwọ́ sí i. Ilé ẹ̀kọ́ wa fẹ́ ká fi ayẹyẹ àdúgbò mú ibẹ̀ sọjí. Onílé gba àwòrán kó tó fún wa ní kọ́kọ́rọ́.

Ọjọ́bọ̀, 7
Ṣọ́ọ̀bù kẹsàn-án ò ṣófo o. Bàbá Taisto ń tún bàtà ṣe níbẹ̀ láti ọdún 1971. Kì í ṣí lọ́jọ́ Ajé. Ọjọ́ yẹn ló ń lọ síbi sàréè ìyàwó ẹ̀. Ó bi mí pé ṣé mo rò pé òun náà ti kú ni. Mo rẹ́rìn-ín. Rúlà ní ká tún àwòrán ṣe kíá. Mo ní ó di lẹ́yìn ayẹyẹ.

Ọjọ́ Ẹtì, 8
Mi ò tíì tún un ṣe.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 16
Igba èèyàn! Ọbẹ̀ ẹ̀wà tán pátá. Àwọn ìyá àgbà ń jó tangó nínú ẹ̀wù òtútù. Bàbá Taisto tún bàtà ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ṣeun. Mi ò ráyé sunkún lónìí." Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé àwòrán.

Ọjọ́rú, 20
Ẹnìkan rí èrò ọjọ́ ayẹyẹ, ó fẹ́ ra gbogbo ilé náà, kò sì fẹ́ ayálégbé kankan. Onílé kọ̀wé sí Bàbá Taisto: kó kó jáde kó tó di ọjọ́ kẹta oṣù tó ń bọ̀. Bàbá ò ní ìwé àdéhùn. Òun àti bàbá tó bí onílé kàn bọwọ́ ni. Onílé ní ṣọ́ọ̀bù kẹsàn-án ti ṣófo tipẹ́. Ẹ̀rí ẹ̀: àwòrán mi.

Ọjọ́bọ̀, 21
A lọ bá onílé. Mo ní àṣìṣe ni. Ó rọra tẹ ìka mọ́ orúkọ mi lórí àwòrán: "Ṣé ìwọ kọ́ lo fọwọ́ sí i ni? Àbí kí n sọ fún ilé ẹ̀kọ́ yín pé irọ́ lẹ ń yà?" Mo dìde, a jáde. Rúlà dá rìn ṣáájú mi títí a fi délé.

Ọjọ́ Àìkú, 24
Mo jẹ́wọ́ fún Bàbá Taisto. Kò bú mi. Ì bá kúkú bú mi.

Ọjọ́ Ajé, 2 Oṣù Kejìlá
Mo gba Kivimäki kọjá. Ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù kẹsàn-án ṣí gbayawu, iná tàn. Bàbá Taisto jókòó sídìí ẹ̀rọ ẹ̀, kò sí bàtà kankan lórí ẹ̀. Mo bi í pé ṣé kò ní lọ síbi sàréè lónìí ni. Ó ní rárá, ìyàwó òun á gbọ́ ọ yé. Ó ní òun ṣí kí ẹni tó bá tún wá ka ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Ajé lè rí òun.

Ọkọ̀ tó fẹ́ kó ẹrù ẹ̀ ti dúró lẹ́nu ọ̀nà.