Akoto Tí Ẹ Ní Kí N Gbà

Ìyá mi,

Inú yín á dùn: mo ti ní akoto tèmi tí n ó máa dé sórí níbi iṣẹ́, èyí tí ẹ ń yọ mí lẹ́nu lé lórí. Ọ̀rẹ́ mi, ọmọ aládùúgbò yín, ló ni ín tẹ́lẹ̀.

Lánàá, nínú ihò kùsà, ó ní òun ò lọ síwájú mọ́, pé òkè ihò ń dún. Fóòmàn, ọ̀gá wa níbi iṣẹ́, fi ọ̀pá irin gbá a lẹ́yìn orí. Akoto fò bọ́ lórí rẹ̀. Ó tún gbá a, títí kò fi mira mọ́. Ẹ̀jẹ̀ ta sí mi lẹ́nu.

"Òkúta ló já lù ú, àbí?" fóòmàn bi wá.

"Òkúta ni, ọ̀gá," gbogbo wọn dáhùn.

Ó yíjú sí mi: "Tíṣà, ìwọ ńkọ́? Àbí ìwé tí ò ń kà ti dí ọ létí ni?"

"Òkúta ni, ọ̀gá."

Ó rẹ́rìn-ín, ó ju akoto náà sí mi. Mo ti fọ̀ ọ́. Mo fẹ́ gbà pé òkúta ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n òkè akoto ń dán, ẹ̀yìn rẹ̀ ló tẹ̀ wọnú. Òkúta wo ló ń yọ́ gba ẹ̀yìn wá?

Ẹ bá mi kí ìyá rẹ̀. Ẹ ní òkúta ni. Ẹ kí ìyàwó mi náà. Ẹ sọ fún un pé akoto náà bá orí mi mu wẹ́kú.