Ẹ Bá Mi Jí Bàbá

Ìyá mi, ẹ kú ilé o, ẹ kú ìtọ́jú Bàbá. Mo kí gbogbo ará ilé wa ní Ìsaba, àgbà àti ọmọdé. Òjò Libreville kì í sinmi, aṣọ iṣẹ́ mi kì í gbẹ. Mo ṣì ń nu ilẹ̀ nílé ìwòsàn, ara mi sì le. Ọkàn mi ni kò balẹ̀, mi ò sì rí ẹni tí mo lè bá sọ ọ́ níbí.

Ohùn tí Kọ́lá àbúrò mi gbà sílẹ̀ tó fi ránṣẹ́ lórí fóònù ló fà á. Bàbá ti oko dé, ó jẹun, ó nà gbalaja sábẹ́ igi máńgòrò, ó ń hanrun. Kọ́lá ní kí n gbọ́ kí n rẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín lóòótọ́. Ìgbà tí mo tún un gbọ́ ni mo ṣàkíyèsí pé ìhanrun náà ń dá. Á dákẹ́ pátá, n ó ka oókan dé ogún, Bàbá ò tíì mí. Lẹ́yìn náà á mí kanlẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fà yọ nínú kànga.

Mo gbé e fún dókítà kan níbi iṣẹ́ wa. Òun ò rẹ́rìn-ín. Ó bi mí bóyá Bàbá máa ń tòògbé lọ́sàn-án, mo ní ó sùn lọ lẹ́yìn Kọ́lá lórí alùpùpù lọ́nà Sakẹ́tẹ́, díẹ̀ ló kù kó já bọ́. Ó bi mí nípa ọkàn rẹ̀, mo ní Bàbá ń sọ pé á sáré, á fo ọ̀kan, á tún sáré. Dókítà ní bí èémí bá ń dá lójú oorun, ìyà rẹ̀ ń jẹ ọkàn, lílù rẹ̀ lè dàrú, ìyẹn sì lè fa rọpárọsẹ̀. Ó ní kí wọ́n yẹ ọkàn àti oorun rẹ̀ wò, kó sì yé mu ọtí sodabi.

Kọ́lá ní Bàbá kọ̀. Ó ní ta ló ń gbé oorun lọ sílé ìwòsàn. Kí ni mo wá lè ṣe? Mo lè fowó ránṣẹ́, mi ò lè nawọ́ láti ibí yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa pé a kì í jí àgbà lójú oorun, pé ẹ̀mí rẹ̀ lè wà lọ́nà àjò. Bí Bàbá bá ti ń hanrun, ẹ ó ní ká bọ́ bàtà ká rọra rìn. Ẹ̀ẹ̀melòó ni mo ti yọ́ kọjá lára ìdákẹ́jẹ́ yẹn, tí mò ń rò pé ara ló tù ú.

Nínú ohùn tí Kọ́lá fi ránṣẹ́, níbi tí èémí ti dá gan-an, ẹ̀yin ni mo gbọ́. Ẹ ní kí Kọ́lá panu mọ́, kó jẹ́ kí bàbá rẹ̀ sinmi. Mo ń pariwo mọ́ fóònù pé kí ẹ jí i, bẹ́ẹ̀ ó ti tó ọ̀sẹ̀ kan tí oorun ọ̀hún ti kọjá.

Ìyá mi, ẹ dákun, bí Bàbá bá ti dákẹ́ lójú oorun, ẹ jí i. Bó bá bínú, ẹ ní èmi ni mo rán yín. Tó bá jí tán, kí Kọ́lá gbé e lọ sílé ìwòsàn ní Pobẹ̀. Kí Ọlọ́run dá yín sí fún wa, kí n bá ẹ̀yin méjèèjì nílé. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé.

Èmi Àṣàkẹ́, ọmọ yín.