Pèrègún Tó Hù Nínú Pàlọ̀ Mi

Ìṣẹ́gun, 1 Oṣù Karùn-ún, 1956. Ifọ̀.

Bàbá Àgádágodo fún mi ní nótíìsì láàárọ̀ yìí. Ìwé gidi, tó ní déètì, tó sì fọwọ́ sí. Kí n kó jáde kí oṣù Keje tó parí, ó fẹ́ sọ yàrá mi di ṣọ́ọ̀bù símẹ́ńtì. Mùtàlíbù ni wọ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ ìkómọ, ṣùgbọ́n onílé tó ń fi àgádágodo ti ilé ìwẹ̀ mọ́ àwọn ayálégbé rẹ̀, orúkọ tí mo fún un ló yẹ ẹ́ jù. Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń ránṣọ nínú yàrá yẹn. Kò tilẹ̀ jókòó. Ó kàn gbé e lé orí ẹ̀rọ mi, ó ní, “Télọ̀, o mọ̀wé, kà á.”

Mo kà á. N ò sunkún. Mo ní ilẹ̀ tèmi, lẹ́bàá ojú irin, mo rà á lọ́dún tó kọjá lọ́wọ́ olórí ẹbí onílẹ̀, kí Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ ẹ. Ilé ló kù. Pàlọ̀ kan, yàrá méjì, ilé ìdáná, ọ̀dẹ̀dẹ̀ fún ẹ̀rọ mi. Oṣù mẹ́ta péré. Ọkọ mi, tó wọ rélùwéè lọ sí Mínnà tí rélùwéè ò tíì gbé padà, bi mí nígbà kan pé obìnrin wo ló ń kọ́lé. Ó ń bọ̀ wá mọ̀ ọ́n.

Ọjọ́bọ̀, 3 Oṣù Karùn-ún

Mo rí Bùrẹ́ímọ̀ bíríkìlà. Ó ní ọ̀la.

Ẹtì, 4 Oṣù Karùn-ún

Ó ní ọ̀la.

Àbámẹ́ta, 5 Oṣù Karùn-ún

Ó wá. Ààwẹ̀ ti fa ojú rẹ̀ wọ inú. Ó wo ilẹ̀ náà títí, ó ní ká tó gbẹ́ ìpìlẹ̀, a ó kọ́kọ́ fi ìlà ilé lélẹ̀: èèkàn mẹ́rìnlá, okùn láti orí ọ̀kan dé orí èkejì, kí igun ilé lè gún. Mo ní níbo ni àwọn èèkàn náà wà. Ó ní òun ń lọ gé wọn.

Ó lọ. Mo dúró. Mo dúró títí. Mo wá a lọ, mo bá a lẹ́yìn ilẹ̀ mi, níbi tí Bàbá Àgádágodo kọ́ ilé páànù kan sí tó ń kó pákó sí – ọkùnrin yẹn ò sí níbi tí kò ti ní ilẹ̀kùn tó ń tì. Bùrẹ́ímọ̀ nà gbalaja sábẹ́ òjìji ibẹ̀, ó ń hanrun. Ó ní ààwẹ̀ ni. Mo padà síwájú. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ló gbé ìdì igi tútù dé, ó ti gbẹ́ ìdí wọn ṣóńṣó. Ó sì ti gbàgbé okùn sílé.

Mo sáré lọ mú àgékù aṣọ wá, etí yúnífọ́ọ̀mù tí mò ń rán fún àwọn ọmọ iléèwé ọ̀fẹ́, aláwọ̀ ìyeyè. A so wọ́n mọ́ra, a fi ta ìlà. Bùrẹ́ímọ̀ ní òun ò tíì fi irú okùn bẹ́ẹ̀ kọ́lé rí. Mo ní èmi náà ò tíì rí bíríkìlà tó ń sùn kó tó ṣiṣẹ́.

Nígbà tó lọ tán, mo gba ẹnu ọ̀nà wọ pàlọ̀ mi. Koríko ni gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n mo wọ ibẹ̀. Mo jáde, mo tún wọlé, mo kí ara mi káàbọ̀. Inú mi dùn púpọ̀.

Ọ̀rọ̀ tí mo kọ́ lónìí. Èèkàn: igi tí bíríkìlà ń rì mọ́lẹ̀ kí onílé lè rò pé iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́rú, 9 Oṣù Karùn-ún

Òjò.

Ẹtì, 11 Oṣù Karùn-ún

Ìtúnnu ààwẹ̀. Bùrẹ́ímọ̀ fi ẹran ránṣẹ́ sí mi. Ẹran náà dùn. Ó ní ó di ẹ̀yìn ọdún.

Àbámẹ́ta, 19 Oṣù Karùn-ún

Ẹ̀yìn ọdún ti dé. Wọ́n ní Bùrẹ́ímọ̀ ti gba iṣẹ́ míì ní Ìbafò.

Ìpìlẹ̀: ihò tí bíríkìlà máa ń gbẹ́ sínú ọkàn èèyàn kó tó gbẹ́ tilẹ̀.

Ajé, 28 Oṣù Karùn-ún

Òjò lójoojúmọ́. Ọ̀nà ojú irin ti di ẹrẹ̀, n ò lè débẹ̀. Yúnífọ́ọ̀mù méjìlélógún ni mo rán lọ́sẹ̀ yìí. Bàbá Àgádágodo kọjá, ó yọjú, ó fi ẹsẹ̀ wọn yàrá mi láti ògiri dé ògiri bíi pé mi ò sí níbẹ̀. Ó ní àádọ́ta àpò símẹ́ńtì á gbà síbẹ̀. Mo gbé ẹsẹ̀ mi kí ó lè wọn abẹ́ ẹ̀rọ.

Ọjọ́bọ̀, 14 Oṣù Kẹfà

Hàfísátù dé láti ọjà. Yàrá rẹ̀ ló tẹ̀ lé tèmi, ìṣó àti ọ̀dà ló ń tà, kò sì sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní Ifọ̀ tí kò ní kọ́kọ́ gba ìsọ̀ rẹ̀ kọjá. Ó ti ń rẹ́rìn-ín kó tó wọlé. “Àǹtí Ìbíwùnmí, ẹ lọ wo ilé yín. Ó ti hù.”

Mo lọ. Òótọ́ ni. Èèkàn mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá ti yọ ewé, ewé gígùn, tútù yọ̀yọ̀. Ọ̀gbẹ́ni ti fi pèrègún ṣe èèkàn. Mẹ́rin hù nínú pàlọ̀ mi, méjì ń ṣọ́ ilé ìdáná. Mo rẹ́rìn-ín títí inú fi ń dùn mí. Mo ní kí wọ́n máa wà níbẹ̀, ó kéré tán nǹkan kan ń gòkè lórí ilẹ̀ mi.

Ajé, 18 Oṣù Kẹfà

Ẹ̀rín ti parí.

Olórí ẹbí onílẹ̀ tuntun ti dé. Bádéjọ lorúkọ rẹ̀, àbúrò olóògbé. Ọgbọ̀n ọdún ló fi gbé Èbúté Mẹ́tà, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pè é wálé kó wá jókòó sórí àga. Òjò rọ̀, kò rọ̀, agboòrùn ò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá Alágboòrùn. Ó ń wo ilẹ̀ ẹbí kiri, ó dé orí tèmi, ó rí pèrègún, ó dúró.

Ìwé tí mo fi ra ilẹ̀ sọ pé ilẹ̀ mi bẹ̀rẹ̀ láti ojú irin “títí dé ibi tí pèrègún wà.” Kò sí sọ́fíyọ̀ tó dá sí i. Ta ni ń wá sọ́fíyọ̀ ní Ifọ̀ nígbà tí pèrègún wà? Ohun tí àwọn bàbá fi ń ṣe ààlà nìyẹn, kò sí ẹni tó jẹ́ fọwọ́ kàn án. Bàbá Alágboòrùn ní pèrègún rèé, ibi tí ilẹ̀ mi parí sí rèé. Ìyẹn ni àárín ilẹ̀ mi gan-an. Ó ní ẹ̀yìn ibẹ̀ ṣì jẹ́ ti ẹbí, wọn yóò sì tà á.

Ta ló sì dúró tì í, tó ń mi orí bí alángbá? Bàbá Àgádágodo. Òun ló fẹ́ rà á.

Bí wọ́n bá gba ẹ̀yìn yẹn, ohun tó kù kò tó pàlọ̀ pẹ̀lú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Oṣù kan àti ọjọ́ díẹ̀ ló sì kù kí n kó jáde. N ò lè jẹun. Ẹ̀rù ń bà mí, kí n má parọ́ fún ìwé.

Ọjọ́rú, 20 Oṣù Kẹfà

Mo wọ bọ́lẹ̀kájà lọ sí Ìbafò. Mo bá Bùrẹ́ímọ̀ lórí ògiri ẹlòmíì. Mo sọ fún un pé kó wá sọ fún àwọn onílẹ̀ pé èèkàn òun ni wọ́n, òun ló rì wọ́n. Ṣíbí símẹ́ńtì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, “Pèrègún kẹ̀, Àǹtí? Igi gbígbẹ ni mo fi ṣe èèkàn o.” Ó ń wo ibòmíì.

Mo ronú lé e nínú ọkọ̀ títí mo fi délé. Pèrègún kì í hù kiri nínú igbó Ifọ̀. Ààlà ẹnì kan ni Bùrẹ́ímọ̀ gé. Bó bá jẹ́wọ́, kò sí ẹbí onílẹ̀ tó máa jẹ́ kó kọ́lé sórí ilẹ̀ wọn mọ́. Ọkùnrin náà ní ìyàwó méjì. Mo mọ ìdí tó fi parọ́, inú sì bí mi síbẹ̀síbẹ̀.

Ẹtì, 22 Oṣù Kẹfà

Ẹbí onílẹ̀ ní kí gbogbo wa pàdé lórí ilẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Bàbá Àgádágodo rán mi létí nótíìsì.

Nótíìsì: ìwé kan ṣoṣo tí onílé máa ń kọ láìjẹ́ pé wọ́n bẹ̀ ẹ́.

Àbámẹ́ta, 23 Oṣù Kẹfà

Mò ń gé yúnífọ́ọ̀mù lọ́wọ́. Sísọ́ọ̀sì dúró. Mo wo àgékù tó wà lẹ́sẹ̀ mi, aláwọ̀ ìyeyè. Mo fi aṣọ oníbàárà sílẹ̀, mo sáré nínú òjò dé ojú irin. Mo la ewé sọ́tọ̀.

Òjò ti já ìlà náà, ṣùgbọ́n kókó aṣọ tí a so mọ́ èèkàn ṣì wà níbẹ̀. Igi ti wú yí i ká. N ò fọwọ́ kan ohunkóhun. Mo padà sílé, mo jẹ ẹ̀bà àwo méjì.

Àìkú, 24 Oṣù Kẹfà

N ò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ọlọ́run mọ ibi tí mo wà.

Bàbá Alágboòrùn wá pẹ̀lú ọkùnrin ẹbí mẹ́rin. Hàfísátù ti ìsọ̀ rẹ̀ nítorí mi. Bàbá Àgádágodo ti débẹ̀ ṣáájú gbogbo wa, òun ló sì kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ta ló bi í. Ó ní ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ò gba ariwo. Ó ní ibi tí pèrègún bá wà, ibẹ̀ ni ààlà wà, àti pé òun Mùtàlíbù sọ ọ́ lójú gbogbo ènìyàn, ẹnikẹ́ni tó bá kọ́ ohunkóhun kọjá rẹ̀ yóò kó o kúrò.

Mo kúnlẹ̀, mo kí Bàbá Alágboòrùn. Mo béèrè ẹni tó gbin pèrègún yìí. Ó ní bàbá bàbá òun ni, kí òyìnbó tó mú rélùwéè dé. Mo ní, ẹ ṣeun, Bàbá. Ṣé bàbá bàbá yín ló ya pàlọ̀ àti yàrá méjì sínú ààlà ni? Nítorí ẹ wò ó, ó ní ẹnu ọ̀nà. Wọ́n wò ó. Mo la ewé sọ́tọ̀ fún wọn, mo fi aṣọ hàn wọ́n lára igi kìíní, ìkejì, ìkẹta. Mo yọ àgékù èyí tí mo gé lánàá láti inú àpò, mo gbé e tì í. Ọ̀kan náà ni. Mo ní, Bàbá, iléèwé ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Ta ló rán yúnífọ́ọ̀mù fún bàbá bàbá yín?

Hàfísátù ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà àwọn ọkùnrin ẹbí. Bàbá Alágboòrùn ò rẹ́rìn-ín. Ó fún ẹnì kan ní agboòrùn rẹ̀ mú dání, ó bẹ̀rẹ̀, ó fa ọ̀kan tu. Ó tu wẹ́rẹ́, ìdí rẹ̀ ṣì rí ṣóńṣó bí àdá ṣe gbẹ́ ẹ. Ó ní, “Èèkàn nìyí.” Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. Ojú tì í, mo rí i, àánú rẹ̀ sì ṣe mí díẹ̀.

Ibẹ̀ ni a ti rí Bùrẹ́ímọ̀. Ó ti dúró sẹ́bàá ojú irin, fìlà lọ́wọ́. Ó wá láti Ìbafò. Ó dọ̀bálẹ̀ sínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú aṣọ àtàtà, ó ní, “Bàbá, èmi ni mo gé e. Ebi ààwẹ̀ ló pa mí, n ò lè rìn jìnnà. Ibi tí mo sùn sí ni mo ti gé e.”

Bàbá Alágboòrùn ní kó dìde, kó fi ibẹ̀ hàn wá. A tò tẹ̀ lé e. A kọjá ilé ìdáná mi, a kọjá koríko, a dé ilé páànù Bàbá Àgádágodo. Bùrẹ́ímọ̀ ò dúró. Ó yí i po, ó bọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Kùkùté pèrègún tò síbẹ̀, wọ́n nípọn tó itan ọkùnrin, wọ́n ti tún ń rúwé. Ilé páànù, pákó, ilẹ̀kùn, àgádágodo, gbogbo rẹ̀ wà ní ìhà tèmi.

Bàbá Alágboòrùn gba agboòrùn rẹ̀ padà, ó pa á dé, ó fi nàka sí páànù náà. “Ta ló ni ilé yìí?”

Ó mọ̀. Gbogbo wa mọ̀.

Ajé, 25 Oṣù Kẹfà

Wọ́n ní kí Bùrẹ́ímọ̀ tọ́jú àwọn kùkùté yẹn títí wọn yóò fi ga padà, kó sì kọ́ ilé mi tán kó tó gba iṣẹ́ ẹlòmíì. Ìyà ńlá ni fún un. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí gbẹ́ ìpìlẹ̀. Lónìí, kì í ṣe lọ́la.

Ọjọ́rú, 27 Oṣù Kẹfà

Bàbá Àgádágodo wá. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn oníbàárà. Ó pè mí ní “Ìyá wa,” ọdún mẹ́fà, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Ó ní ọ̀rọ̀ náà ò le tó bẹ́ẹ̀, pákó òun pọ̀, kò sí ibi tí òun lè kó o sí nínú òjò yìí.

Mo ní mo mọ bó ṣe máa ń rí kéèyàn má níbi tó máa kó ẹrù sí nínú òjò. Mo yọ nótíìsì rẹ̀ láti inú dúróà ẹ̀rọ. Mo kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé n ò ní kúrò nínú yàrá yìí títí páànù yóò fi wà lórí ilé mi, àti pé lọ́jọ́ tí mo bá kó jáde ni pákó rẹ̀ náà yóò kó jáde. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó fọwọ́ sí i.

Mo ní nǹkan kan kù. Símẹ́ńtì mi ń bọ̀ lọ́la, òjò ò sì gbọ́dọ̀ kàn án. Ó wò mí. Ó fa ìdì kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ yọ lábẹ́ agbádá, ó ń wá ọ̀kan nínú wọn, ó pẹ́ kó tó rí i. Ó yọ ọ́, ó gbé e lé orí ẹ̀rọ mi, síbi tó gbé nótíìsì lé lọ́jọ́sí.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó lọ tán, mo rìn lọ sí ojú irin, mo ṣí ilé páànù náà, mo wo inú rẹ̀. Àyè wà. Mo tún tì í padà.