Ìfọ̀kànbalẹ̀ Mummy

Ìkòsí, Kétu.
Oṣù Kẹjọ, 2006.

Bọ̀ọ̀dá Jayé mi,

Ẹ kú àjò o, ẹ sì kú iṣẹ́ lókè òkun. Mo kí ìyàwó yín àtàwọn ọmọ. Daddy ń kí yín. Judith ọmọ mi ti ń rìn. Ẹ̀jẹ̀ ríru Mummy náà ti wálẹ̀ gan-an.

Ọ̀rọ̀ yoga, eré ìmárale àwọn ará Íńdíà tí Mummy ń ṣe, tí ẹ ní ẹ̀sìn àjèjì ni, tí ẹ tìtorí ẹ̀ bínú tí ẹ ò pè wọ́n mọ́, ni mo fi ń kọ̀wé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, tírélà kan tó ń gbé tòmátì lọ sí Mile 12 fẹ̀yìn wó fẹ́ǹsì wa. Dírẹ́bà forí gbá gíláàsì, síbẹ̀ àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò fà á jáde, wọ́n fẹ́ lù ú. Mummy mí kanlẹ̀, wọ́n lọ dúró níwájú ọkùnrin náà.

"Ẹ̀yin ọmọ mi, a ó tún fẹ́ǹsì mọ. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo orí ẹ̀ tó ń ṣẹ̀jẹ̀."

Mummy ò pariwo rárá, àmọ́ àwọn ọ̀dọ́ náà fi dírẹ́bà sílẹ̀.

Mo bi Mummy bí wọ́n ṣe ṣe é. Wọ́n ní sattva ni olùkọ́ yoga àwọn ń pè é: kí ọkàn mọ́ kó sì tòrò, kó má gbóná jù, kó má sì tòògbé.

"Tiwa ọmọ mi, Jésù náà ni mo ṣì ń sìn. Inú mi ló rọlẹ̀."

Mummy wa, tí a máa ń sá fún sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n bá ti ń bínú! Orí mi wú, Bọ̀ọ̀dá mi.

Kí Olúwa máa ṣọ́ yín níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè wọ́n. Tí wọ́n bá ń gbàdúrà láàárọ̀, orúkọ yín ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ dá.

Àbúrò yín,
Tiwa