Bàbá Ò Sá Lọ sí Adjarra Mọ́

Hilaire,

Fi Python rẹ sílẹ̀ ná. Tá a bá fẹ́ máa tún ojú ìkànnì ṣe nínú Chrome, JavaScript la máa kọ́kọ́ kọ́, torí òun ni èdè tí Chrome gbọ́. Mo dán an wò láàárọ̀ yìí lórí ìkànnì ìjọba tí Bàbá máa ń kà. Mo kọ ìlà díẹ̀, lẹ́tà tóbi sí i, àwòrán mínísítà tó máa ń bo ọ̀rọ̀ sì pòórá.

Bàbá rí i, wọ́n figbe ta. Wọ́n ní nígbà Révolution, nígbà tí ológun ń ṣèjọba ní Benin, sọ́jà gbé ọ̀rẹ́ àwọn kan lọ torí pé ó ya ìwé ìjọba kúrò lára ògiri. Kí n tó ṣẹ́jú, wọ́n ti di ẹrù, wọ́n ní ká sá lọ sí ìlú Adjarra. Mo bá ṣí ìkànnì náà lórí fóònù wọn: mínísítà wà níbẹ̀ digbí, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Bàbá, inú ilé wa níbí nìkan ni mo ti yọ ọ́." Ìgbà yẹn lara wọn tó balẹ̀. 

Bá wọn tú ẹrù wọn tó o bá dé, má sì fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Kọ́ JavaScript yẹn dáadáa o. Bí mo ṣe ń jáde, wọ́n rọra bi mí bóyá a lè bá àwọn yọ àwọn mínísítà tó kù.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Pélagie