Bí Bàbá Ṣe Gun Canela Lójú Àwọn Ará Ọkọ̀

                                        Abúlé San Francisco de Sales,
                                        Ẹsẹ̀ Òkè Oníná Pacaya,
                                        Guatemala.
                                        Ọjọ́ Àìkú, 17 Oṣù Èrèlé, 2019.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, Osbeli,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ kú ìwé kíkà, ẹ sì kú ooru Escuintla tí wọ́n ní ó ń dín èèyàn bí ẹyin. Ṣé ara yín le? Ṣé ẹ ń rí oúnjẹ gidi jẹ, àbí abẹ́rẹ́ tí ẹ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń gún èèyàn náà lẹ ń jẹ? Màmá kí yín. Ìyá àgbà ní kí n bi yín bóyá ẹ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ti bá yín dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, nítorí náà ẹ má sọ mí di òpùrọ́. Bàbá náà wà. Ní tèmi, mo wà láàyè, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ara mi ló wà nílé. Mo gbàgbé orúnkún mi méjèèjì sórí òkè ní Ọjọ́rú, mi ò sì tíì lókun láti padà lọ kó wọn.

Ẹ mọ̀ pé láti ìgbà tí òjò ti dá ni ẹsẹ̀ òsì Bàbá ti ń dùn ún. Ohun tí ẹ ò mọ̀ ni pé èémí rẹ̀ náà ti yí padà. Tó bá ti gùn dé ibi ìsinmi kejì, á máa dún bí ilẹ̀kùn ilé ìdáná wa. Kò sì gbọdọ̀ sí ẹni tó máa sọ ọ́. Lẹ́yìn Kérésìmesì ni ìgbìmọ̀ àwọn amọ̀nà kéde pé ọkọ̀ ojú omi kì í dúró de ẹnikẹ́ni: amọ̀nà tó bá mú kí bọ́ọ̀sì àwọn ará ọkọ̀, àwọn àlejò tó ń wá wo òkè wa, pẹ́, kó gbé káàdì rẹ̀ sílẹ̀, kí ilé rẹ̀ mú ẹlòmíràn wá. Ilé tí kò bá rí ẹni mú wá, àyè rẹ̀ lọ nìyẹn. Àyè tí bàbá yín, ẹ̀gbọ́n Bàbá, fi sílẹ̀ kó tó kú, tí bàbá mi dì mú, tí gbogbo wa fi ń jẹun. Ta ni ilé wa máa mú wá? Bàbá ti ní ìdáhùn: Osbeli. Ó ní bí òun bá fi lè kọsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, kí n kọ̀wé sí yín pé kí ẹ di ẹrù, kí ẹ máa bọ̀ nílé, kí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì dúró ná. "Ná" yẹn, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. "Ná" ni Màmá sọ lọ́jọ́ tó kúrò nílé ìwé.

Ó wá di Ọjọ́rú. Ọkọ̀ kan gúnlẹ̀ sí èbúté Puerto Quetzal tó ga ju ṣọ́ọ̀ṣì mẹ́wàá tí wọ́n tò léra lọ (Wilmer ọ̀rẹ́ mi ló rí i, èmi kọ́). Bọ́ọ̀sì mẹ́ta ni wọ́n kó gòkè wá. Kí ilẹ̀kùn tó ṣí tán, àwọn onígi, tó ń ta ọ̀pá ìtìlẹ̀, ti bò wọ́n: "Igi rèé! Igi tó lágbára!" Èmi àti Wilmer dúró lẹ́yìn ti ẹṣin tí a fi ń gbé àlejò tó bá rẹ̀, à ń wo bàtà. Ẹ ò tíì gbàgbé òfin wa: ojú kọ́ ló ń sọ ẹni tó máa rẹ̀, bàtà ni. Bàtà funfun tuntun, ibi ìsinmi àkọ́kọ́. Bàtà tó ti gbó, má wulẹ̀ tẹ̀lé e. Ẹni tó bá wọ sálúbàtà, lọ pe àlùfáà.

Ọkùnrin kan wà nínú àwọn mẹ́rìnlá tí wọ́n pín fún Bàbá. Ó ti lé lẹ́ni ọgọ́ta ọdún, ikùn rẹ̀ ń ṣáájú rẹ̀ dé gbogbo ibi tó ń lọ, bàtà rẹ̀ sì funfun débi pé mo rí ojú ara mi nínú rẹ̀. Mo fa Canela, ẹṣin ilé wa, mo gbá tẹ̀lé e.

Wilmer ní, "Ibi ìsinmi àkọ́kọ́ lèyí máa kú sí."

Mo ní, "Ta ní sọ fún ẹ pé ó máa débẹ̀? Wo ikùn! Canela, má bínú sí mi o, òní lò ń lọ sọ́run."

A rẹ́rìn-ín títí. Ọkùnrin náà ń rìn lọ, kò wẹ̀yìn. Gbogbo ìṣísẹ̀ mẹ́wàá ni mò ń kígbe sí i létí, "Takisí! Takisí tí kì í mu epo! Takisí ajẹkoríko!" Ó ń fọwọ́ lé mi bí ẹni ń lé eṣinṣin. A kọjá ibi ìsinmi àkọ́kọ́, kò kú. Èmi ni mo ń kú lọ, nítorí ó jẹ́ ìgbà kẹta tí mo máa gun òkè yẹn láàárín ọjọ́ méjì.

Ní ibi ìsinmi kejì, ó jókòó sórí òkúta, òógùn ń kán lára rẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sá. Ó yíjú sí mi, ó sì sọ ọ́ ní èdè wa, ketekete, bí ẹni tí wọ́n fi tọ́tíyà àgbàdo wa tọ́ dàgbà:

"Ọmọbìnrin, ikùn yìí ti wà lára mi láti ọgbọ̀n ọdún. Kò tíì pa ẹṣin kankan."

Ẹ̀gbọ́n mi, mo gbàdúrà kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì. Ilẹ̀ tiwa yìí, tí iná ń jó nínú rẹ̀, kì í ṣe ìṣòro fún un láti lanu, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn ó dákẹ́ ṣíí. Afẹ́fẹ́ wá yí káàdì ọrùn ọkùnrin náà padà, Wilmer kà á, àwọ̀ ojú rẹ̀ sì yí. Ọ̀gbẹ́ni Anselmo, ẹni tó ń bójú tó ìrìn àwọn èrò tó bá sọ̀ kalẹ̀. Òun ni ọkọ̀ rán wá wo aago àwọn amọ̀nà wa. Ó ti mú ìwé kékeré jáde lápò.

Ó bi mí pé, "Amọ̀nà wa dà?"

Bàbá wà lẹ́yìn. Amọ̀nà, lẹ́yìn! Ó tẹ̀ ba sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó ń ṣe bí ẹni ń fi òdòdó han ìyá arúgbó kan. Òdòdó wo? Koríko ni. Nígbà tó fi máa dé ọ̀dọ̀ wa, èémí rẹ̀ ti ń dún, ètè rẹ̀ sì ti funfun. Ọ̀gbẹ́ni Anselmo wo aago. Ogún ìṣẹ́jú la ti fi pẹ́, aago kan géérégé sì ni bọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ gbéra.

Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gun ẹṣin yìí."

Bàbá ní, "Ẹ̀yin ni kí ẹ gùn ún. Ẹ̀yin lẹ jẹ́ àlejò."

"Ẹ̀yin lẹ ń wọ́ ẹsẹ̀."

"Ẹ̀yin lẹ ń làágùn."

"Ó dáa, kí ẹni tó bá dàgbà jù gùn ún. Ọdún wo ni wọ́n bí yín?"

Ṣé ẹ máa gbà mí gbọ́? Ọdún kan náà ni wọ́n bí àwọn méjèèjì, oṣù méjì péré ni Bàbá fi jù ú lọ. Bàbá gbà pé òun ni ẹ̀gbọ́n. Kò sì tún gùn ún! Ẹ̀yin náà kúkú mọ̀ pé amọ̀nà kì í gun ẹṣin lójú àlejò. Bàbá Lencho tó gun ẹṣin sọ̀ kalẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán, "Èrò" ni wọ́n ń pè é títí dòní, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ni "Ọmọ Èrò". Ni Ọ̀gbẹ́ni Anselmo náà bá ní níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀gbọ́n òun bá ń fẹsẹ̀ rìn, òun ò ní gun nǹkan kan. Arúgbó méjì dúró bí ògiri, àwọn mẹ́tàlá yòókù ń wo ojú wọn, aago ń lọ. Mo wo ọ̀nà òkè, mo wo Bàbá. Ẹ̀yin ni mo rí, tí ẹ ń di ẹrù.

Mo bá sáré gbé ẹsẹ̀ Canela kan sókè, mo wò ó fínnífínní, mo sì figbe ta: "Bàbá! Canela ń gbọ̀n! Ó ti gbọ́ ìró òkè. Tí ẹni tó mọ̀ ọ́n kò bá jókòó lé e báyìí, á ti gbogbo àwọn èèyàn yìí sí kòtò!"

Ẹṣin tó ń gbọ̀n náà ń jẹ koríko, ó ti di ojú kan.

Bàbá wo Canela. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi gbẹ̀bí ẹṣin yẹn, ó sì mọ̀ pé lọ́jọ́ tí òkè ń sọ òkúta, ṣe ló ń yán. Ó wá wo èmi.

"Ó ti pẹ́ tó ti ń gbọ̀n?"

"Láti ìsàlẹ̀, sà."

"Mo rí i," ni Bàbá wí.

Ẹ̀ẹ̀mejì ló gbé ẹsẹ̀ kó tó lè gòkè. Mo wo ibòmíràn. Ọ̀gbẹ́ni Anselmo náà wo ibòmíràn. Wilmer, tí ẹnu rẹ̀ kì í pa dé lójú oorun pàápàá, ń wo bàtà ara rẹ̀. Bàbá wá sọ fún àwọn ará ọkọ̀ pé òun gbọ́dọ̀ fọkàn sí ẹṣin burúkú yìí, ó sì ní, "Maybelin, kó wọn lọ."

Mo kó wọn lọ. Mo sọ fún wọn pé fìlà mẹ́rin ni òkè ń jẹ lọ́dún, pé orí rẹ̀ ni Ìyá àgbà ti ń se ẹ̀wà dúdú láti ìgbà tó ti wà lọ́mọge. Mo fi súwíìtì rírọ̀ funfun gún orí igi fún wọn, wọ́n yan án lórí òkúta gbígbóná, wọ́n ń pariwo bí ẹni tó dáná fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé. Ọ̀gbẹ́ni Anselmo fẹsẹ̀ rìn gbogbo rẹ̀, àlọ àti àbọ̀; bàtà rẹ̀ ti dúdú bí ìdí ìkòkò. Nínú iyanrìn dúdú tí wọ́n ń bá sọ̀ kalẹ̀, ṣe ni mò ń kà wọ́n bí adìyẹ: mẹ́rìnlá, mẹ́tàlá, ta ló ṣubú, mẹ́rìnlá. Ohùn mi há, ìka ẹsẹ̀ mi bó. Nígbà tí ẹni ìkẹtàlá wọ bọ́ọ̀sì, aago kan ku ìṣẹ́jú méje.

Ọ̀gbẹ́ni Anselmo ló kù nílẹ̀ pẹ̀lú ìwé rẹ̀. Ó ní, "Mo gbọ́dọ̀ kọ orúkọ amọ̀nà." Mo la ẹnu láti pe Eliseo, orúkọ Bàbá.

Bàbá dáhùn láti orí ẹṣin: "Maybelin ni. Ẹ kọ ọ́ dáadáa. Ẹ̀yìn *a* ni *y* wà."

Lẹ́yìn ìsìn lónìí ni ìgbìmọ̀ pè wá. Àwọn kan ti ń kùn lábẹ́lẹ̀, "Èrò, Èrò." Bàbá Tránsito, olórí wọn, ní, "Eliseo, wọ́n ní o gun ẹṣin." Bàbá dìde. Ó bọ́ káàdì ọrùn rẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì.

"Ta wá ni ilé yín ń mú wá? Osbeli?"

"Osbeli ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń wo orúnkún," ni Bàbá wí, "mo sì ní méjì tó ń dúró dè é. Ọmọ yìí ló ń lọ."

"Èyí? Ọmọ tó ń parọ́ tó báyìí?"

"Amọ̀nà wo ni kì í parọ́?"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, Bàbá Lencho ló rẹ́rìn-ín jù. Wọ́n ní kí n máa bá bàbá Wilmer lọ títí oṣù Ọ̀pẹ tí mo máa pé ọdún méjìdínlógún, lẹ́yìn náà káàdì di tèmi.

Nítorí náà, lẹ́tà tí Bàbá ní kí n kọ sí yín, mi ò ní kọ ọ́. Ẹ jókòó ti ìwé yín. Mo rò pé tí ọ̀rọ̀ bá já síbẹ̀, màá jó yí abúlé po. Mo dé ilé, mo sùn tòun ti bàtà, Màmá ló bọ́ ọ. Ọkọ̀ méjì ló ń bọ̀ lọ́la. Ọdún mọ́kànlélógún ni Bàbá fi gun òkè yìí. Mo gbìyànjú láti ṣírò iye ìgbà tó jẹ́, oorun gbé mi lọ nígbà tí mo dé ẹgbẹ̀rún méjì.

Ẹ bá mi kí ọ̀rẹ́ yín tẹ́ ẹ jọ ń gbé yàrá, èyí tó ń hanrun. Wilmer kí yín, ó ní kí ẹ fi oògùn ìka ẹsẹ̀ ránṣẹ́. Ẹ má dúpẹ́ lọ́wọ́ mi o. Tí ẹ bá dúpẹ́, màá sunkún, mi ò sì ní agbára rẹ̀ lónìí. Ẹ ṣáà rí i pé ẹ yege.

                                        Èmi àbúrò yín,
                                        tó ń fi ojú kan kọ̀wé, tó ń fi ìkejì sùn,
                                        Maybelin.